Ẹ Kí Wa, Ẹ Má Wọ̀n Wá

Ó ti sú mi. Bí ọmọbìnrin bá ti Àbújá tàbí Ìlọrin dé sí Kàbà tàbí Ìsánlú fún ìnáwó òkú àgbà, "Ọ̀kún o" tá a fi ń kíni ò ní tíì tán lẹ́nu àwọn ará ilé tí wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀: "Há à, o mà rù o! Àìsàn ni?" Tó bá sanra, "Kí lò ń jẹ? Ta ló fẹ́ gbé ọ níyàwó báyìí?" Wọ́n á tún gbé iyán síwájú rẹ̀. Bó jẹ ẹ́ tán, ẹjọ́. Bó ṣẹ́ ẹ kù, ẹjọ́.

Ibi táwọn ọmọ ń gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ ló ń bí mi nínú. Àwọn kan ń febi pa ara wọn títí nǹkan oṣù á fi dáwọ́ dúró. Òmíràn á jẹun tán, á lọ tọwọ́ bọ ọ̀fun lẹ́yìn ilé. Òmíràn ń mu tíì tí í múni yàgbẹ́. Omi ara nìyẹn ń fà dànù, kì í ṣe ọ̀rá, pẹ̀lú àwọn iyọ̀ tí ọkàn fi ń lù déédéé. Àwọn tí wọ́n ní wọ́n tínrín jù ń ra cyproheptadine ní kẹ́mísìtì kí ìdí lè yọ. Oògùn ara yínyún ni, oorun ló sì ń kùn wọ́n kiri!

Ẹ óò ní àwàdà ni. Kí ló dé tẹ́ ò bá bàbá oníkùn tó jókòó ti ẹmu látàárọ̀ ṣàwàdà? Tirẹ̀ ni ara ìgbádùn.

Ẹ béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà. Ẹ béèrè bó ṣe la kòtò ọ̀nà wa yìí já.