Ẹ Yéé Pa Iná Dáṣíbọọ̀dù, Ọkọ̀ Ni Kí Ẹ Tún Ṣe

Ó ti tó gẹ́ẹ́. Láti Ìsọ̀kùn dé Òkèṣà, láti Iléṣà dé Ifẹ̀, ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe fún àwọn tó ní jíìpù kéékèèké olówó ńlá wọ̀nyí: Mercedes GLK, BMW X1 àti X3, Audi Q5, Range Rover Evoque. Iná ẹ́ńjìnnì á tàn lórí dáṣíbọọ̀dù, onímọ́tò á gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ọmọ iṣẹ́ kan á mú síkánà tí kò tóbi ju fóònù lọ, á kì í bọ ihò tó wà lábẹ́ sítíárìn, á tẹ bọ́tìnnì méjì, iná á kú. "Ọ̀gá, ó ti lọ. Ẹ máa gbé e lọ." Wọ́n gbowó. Ní ọjọ́ kẹta iná tún tàn, wọ́n tún pa á, wọ́n tún gbowó. Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá wá dákẹ́ pátápátá, wọ́n á ní ọkọ̀ òyìnbó yìí ò dáa, onímọ́tò ì bá ti lọ ra Kòrólà.

Irọ́ ni. Ọkọ̀ yẹn sọ̀rọ̀, ẹ̀yin mẹkáníìkì lẹ bò ó lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ẹ ń pa rẹ́ fún yín. Nígbà tí brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, bá tan iná yẹn, kì í ṣe kóòdù, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ àléébù, nìkan ló kọ sílẹ̀. Ó kọ ipò tí ọkọ̀ wà lásìkò náà gan-an: bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí tó, bí omi ṣe gbóná tó, bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó, bí iṣẹ́ tó ń ṣe ṣe wúwo tó. "Freeze frame" ni síkánà ń pè é. Bí kóòdù bá jẹ́ P0300, tó túmọ̀ sí pé ẹ́ńjìnnì ń já iná jẹ (epo inú sílíńdà ò jó bó ṣe yẹ), àkọsílẹ̀ yẹn ló máa sọ bóyá ìgbà tí ọkọ̀ ń fi ẹrù gun òkè ló ṣẹlẹ̀, tàbí ìgbà tó dúró jẹ́ẹ́ nínú súnkẹrẹ fàkẹrẹ Ẹ̀rẹ́jà. Ti àkọ́kọ́ sábà máa ń jẹ́ kọ́ìlì (tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná) tàbí púlọ́ọ̀gì tó ti ń kú, tàbí pọ́ǹpù epo tí agbára rẹ̀ ò tó mọ́. Ti èkejì, ẹ wá rọ́bà tó là tí afẹ́fẹ́ ń gbabẹ̀ yọ́ wọlé. Ẹ tẹ "erase", gbogbo rẹ̀ ti lọ. Kí nọ́ọ̀sì ju káàdì aláìsàn sínú iná kí dókítà tó rí i, ohun tí ẹ ń ṣe nìyẹn.

Ẹ gbọ́ bó ṣe yẹ kó rí. Ká mú GLK 350, tó ní sílíńdà mẹ́fà. Kóòdù gbé P0303 jáde: sílíńdà kẹta ni. Ẹ tú kọ́ìlì ẹ̀kẹta, bóòtù kan àti sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ló dè é, ẹ gbé e sórí ẹ̀karùn-ún, kí ẹ gbé ti ẹ̀karùn-ún sórí ẹ̀kẹta. Ẹ ti kọ nọ́ńbà sílẹ̀, ẹ wá lè pa kóòdù báyìí, torí ìgbà tí pípa rẹ̀ nítumọ̀ nìyí. Ẹ wa ọkọ̀ lọ wà á bọ̀. Bí ó bá di P0305, kọ́ìlì yẹn ló ti kú, ẹ ra ẹyọ kan ṣoṣo. Bí ó bá dúró sórí P0303, ọwọ́ kọ́ìlì mọ́. Ẹ ṣe púlọ́ọ̀gì bákan náà, bí kò bá tún kúrò, ẹ lọ wo injector tó ń fọ́n epo àti kọ̀ńpúréṣọ̀n, ìyẹn bí sílíńdà ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó. Kò gba wákàtí kan, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní owó páàtì. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní kí onímọ́tò ra kọ́ìlì mẹ́fà àti púlọ́ọ̀gì mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà, ayédèrú sì ni wọ́n á gbé wá, tí wọ́n kọ "iridium" sí lára páálí, tí ẹnu rẹ̀ nípọn bí èyí tí wọ́n ń kì bọ jẹnẹrétọ̀.

Bí iná ẹ́ńjìnnì bá wá ń ṣẹ́jú, tí kì í ṣe pé ó kàn tàn, ẹ̀yin onímọ́tò, ẹ má wà á dé ilé. Epo tí kò jó ló ń dà sínú kátálísítì, ohun tó ń fọ èéfín mọ́ lójú ọ̀nà sálẹ́ńsà, ibẹ̀ ló ti ń jó, á gbóná títí inú rẹ̀ á fi yọ́ tí á sì dí. Lẹ́yìn náà ni ẹ óò gbọ́ pé kí ẹ jẹ́ kí àwọn gé e kúrò. Ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí èyí tí wọ́n gé náà ń lọ. Pàládíọ́ọ̀mù àti pùlátínọ́ọ̀mù ló wà nínú rẹ̀, àwọn tó ń rà á kiri mọ iye tó jẹ́, onímọ́tò nìkan ni kò mọ̀.

Àwọn tó ń ta tòkunbọ̀ náà ń ṣe é, tiwọn tún burú jù, torí ẹni tó fẹ́ rà á ò tíì mọ nǹkan kan. Kí ẹ tó dé ni wọ́n ti pa gbogbo kóòdù. Ẹ̀yin tó fẹ́ rà á, ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ láì tíì tan ẹ́ńjìnnì: iná ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tàn pẹ̀lú àwọn yòókù, kó tó kú lẹ́yìn tí ẹ bá tan ọkọ̀. Bí kò bá tàn rárá, ẹnìkan ti bà á jẹ́ kí ẹ má baà rí i. Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣí ibi tí síkánà kọ "readiness" sí. Bí púpọ̀ nínú àwọn àyẹ̀wò tó wà níbẹ̀ ò bá tíì parí, á jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kóòdù ni tàbí wọ́n tú bátìrì, ọkọ̀ náà ò sì tíì rìn tó láti yẹ ara rẹ̀ wò. Ẹ ní ẹ óò padà wá lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ tó bá ti rìn dáadáa. Bí wọ́n bá yarí, ẹ fi ọkọ̀ wọn sílẹ̀. Kí ẹ sì rí i pé ẹ́ńjìnnì tutù nígbà tí ẹ máa kọ́kọ́ tan án. Ọkọ̀ tí wọ́n ti tan sílẹ̀ dè yín ní nǹkan tó ń fi pamọ́. Ariwo ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì tó ń dún wáríwárí fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ láàárọ̀ ni wọn ò fẹ́ kí ẹ gbọ́. Nínú BMW tó ní ẹ́ńjìnnì N20, pàápàá ti 2012 títí dé ìbẹ̀rẹ̀ 2015, ike tó ń tọ́ ṣéènì yẹn máa ń gbẹ, á fọ́, èérún rẹ̀ á bọ́ sísàlẹ̀ ibi tí ọ́ìlì wà, á dí ẹnu ibi tí pọ́ǹpù ti ń fa ọ́ìlì. Ẹ́ńjìnnì odindi ló ń lọ nítorí ike.

Kí ẹ tó gbàgbọ́ pé brain box ti bàjẹ́, ẹ wọn bátìrì. Àwọn jíìpù yìí ò fẹ́ràn iná tó kéré. Bátìrì tó sinmi mọ́jú gbọ́dọ̀ tó fóòtì 12.5 ó kéré tán; tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, bíi 13.8 sí 14.6 ló yẹ kí ẹ rí. Bí ó bá ń já sí 11 ní àárọ̀, ABS (ti bíréèkì), sítíárìn, jíà, gbogbo wọn á kọ kóòdù lẹ́ẹ̀kan náà, rẹ̀wáyà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú wáyà tí kò ṣẹ̀. Ọkọ̀ tó máa ń pa ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ tó bá dúró níbi iná ojú títì nílò bátìrì AGM (tí omi inú rẹ̀ kì í ṣàn), kì í ṣe bátìrì olómi tó wà lórí káńtà.

Ṣùgbọ́n tẹmọ́sítàtì ló ń bí mi nínú jù lọ. Ta ló kọ́ yín pé kí ẹ máa yọ ọ́ jù nù? "Ìlú wa gbóná, Jámánì ni wọ́n ti nílò rẹ̀." Báyìí ni ọ̀gá kọ́ ọmọ iṣẹ́, tí ọmọ iṣẹ́ náà di ọ̀gá, tó tún fi kọ́ ẹlòmíì. Tẹmọ́sítàtì kì í ṣe ti òtútù. Wọ́n ṣe ẹ́ńjìnnì yẹn kó máa ṣiṣẹ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n 90 sí 105 lórí Sẹ́síọ́ọ̀sì, tẹmọ́sítàtì ló ń dá omi dúró títí ara ẹ́ńjìnnì á fi dé ibẹ̀. Bí ẹ bá yọ ọ́, omi á máa sáré lọ sínú radiétọ̀ ṣáá. Láti Òkèṣà dé ọjà Àtakúnmọ́sà, ẹ́ńjìnnì ò ní gbóná tó. Brain box á rò pé ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, á máa tú epo kún epo, nínú epo bẹntiróò tó ti gbówó lórí láti oṣù karùn-ún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ rẹ̀. Epo tó pọ̀ jù yẹn á fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri sílíńdà, á ṣàn lọ bá ọ́ìlì nísàlẹ̀. Òógùn omi tó yẹ kí ooru lé jáde ò ní jáde. Ọ́ìlì á di ẹrẹ̀. Kóòdù P0128 á sì wọlé láti sọ pé omi ò gbóná tó, ẹ tún pa òun náà rẹ́!

Wọ́n á tún dáírẹ́ẹ̀tì fáànù kó máa yí láti ìgbà tí ẹ bá ti ṣí kọ́kọ́rọ́. Mọ́tò fáànù tí wọ́n ṣe kó máa sinmi wá ń ṣiṣẹ́ láìdánu dúró, ọjọ́ tó bá jó, brain box ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni torí wọ́n ti gé e kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n á wá da omi kànga sí i. Omi kànga ní iyọ̀ àti èròjà ilẹ̀ nínú, á lẹ̀ mọ́ ihò tín-tìn-tín inú radiétọ̀, á sì jẹ álúmínọ́ọ̀mù. Bí ọkọ̀ bá gba lítà 10, lítà 5 kọ́ólàǹtì tó ki àti lítà 5 omi bátìrì tí kò ní ásíìdì ni. Bí wọ́n bá ti pò ó pọ̀ láti ilé iṣẹ́, ẹ má fi omi kún un. Omi lásán ń hó ní 100. Ìdérí tó ń ti agbára mọ́ inú ló ń gbé e kọjá bẹ́ẹ̀, kọ́ólàǹtì sì tún ń fi kún un. Ìdérí tí rọ́bà rẹ̀ ti gbẹ ò ti nǹkan kan mọ́, àmọ́ ìdérí ni wọ́n máa ń rà kẹ́yìn, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tú tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ọkọ̀ tó ń gbóná ní ìdí: ó lè jẹ́ ike tó ti là, pọ́ǹpù omi, radiétọ̀ tó dí, tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi ohun èlò tí wọ́n fi ń ti afẹ́fẹ́ sínú radiétọ̀ wò ó nígbà tó tutù, kí ẹ wo ibi tí omi ti ń kán. Yíyọ tẹmọ́sítàtì kàn ń sún gbèsè síwájú ni. Ìjẹ̀ṣà sì ni wá, a mọ òṣómàáló: gbèsè tí ẹ bá jẹ ọkọ̀ yẹn, á lóṣòó tì yín títí á fi gbà á, ojú títì láàárín Òṣú sí Ifẹ̀ ló sì máa ń lóṣòó sí.

Ti ọ́ìlì ò gba àlàyé púpọ̀. GLK 350 ń gba ju lítà 6 lọ, ọ́ìlì tí wọ́n kọ MB 229.5 (ìlànà Mercedes) sí lára ló sì ń fẹ́. Lítà 5 ọ́ìlì 20W-50 tó ki tí ẹ ń dà sí i, ti ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ni. Kò lè sáré gba ihò tín-tìn-tín tó ń yí àsìkò fáàfù padà. Ti jíà, àwọn tó ṣe ọkọ̀ gan-an jẹ̀bi, torí púpọ̀ nínú wọn ló sọ pé ọ́ìlì rẹ̀ kò ní pààrọ̀. Ó ní pààrọ̀. Bíi 60,000 kìlómítà, pẹ̀lú fílítà rẹ̀, ìgbà tí ooru ọ́ìlì bá wà láàárín ìwọ̀n 40 sí 50 lórí Sẹ́síọ́ọ̀sì ni kí ẹ wọn ọ́n. Kì í ṣe kí ẹ dà á sí i títí ojú ẹ á fi tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ẹ jẹ́ kí n parí pẹ̀lú pọ́ǹpù omi BMW tó ní ẹ́ńjìnnì N52 tàbí N20, irú èyí tó wà nínú X1 àti X3, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ìkánjú ti ń pa ọkọ̀ tí onímọ́tò ti náwó lé lórí. Iná mànàmáná ló ń yí pọ́ǹpù yẹn, kò ní bẹ́líìtì, ó sì lè kú láì kán omi sílẹ̀ rárá. Wọ́n á rà á ní Ládípọ̀ l'Ékòó tàbí ní Agódi Gate n'Ìbàdàn, wọ́n á dè é, wọ́n á kún omi, wọ́n á tan ọkọ̀, á tún gbóná. Wọ́n á ní pọ́ǹpù tuntun ò dáa. Pọ́ǹpù náà dáa. Afẹ́fẹ́ ló há sínú rẹ̀. Ẹ so ṣájà mọ́ bátìrì. Ẹ kún omi dé àmì, ẹ dé ìdérí. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, ẹ má tan ẹ́ńjìnnì. Ẹ yí ooru inú ọkọ̀ dé ibi tó gbóná jù, kí afẹ́fẹ́ wà ní ibi tó kéré jù. Ẹ tẹ ẹsẹ̀ epo mọ́lẹ̀ pátápátá fún ìṣẹ́jú àáyá 10, ẹ tú u sílẹ̀. Ẹ óò gbọ́ kí pọ́ǹpù máa kùn fúnra rẹ̀, á máa lé afẹ́fẹ́ jáde fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 12, á sì dúró fúnra rẹ̀. Ẹ ṣí ìdérí, ẹ fi kún ibi tí omi ti lọ sílẹ̀, ó tán.

Ìṣẹ́jú 12, tí ọkọ̀ ń dá ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀. Ẹ ò lè dúró tì í fún ìṣẹ́jú 12, ẹ wá ní kí onímọ́tò lọ ra ẹ́ńjìnnì mìíràn.