"Kò sí wàhálà" ló dá wàhálà sílẹ̀ ní yàrá wa

Àbúrò mi obìnrin fi fọ́ìsì nóòtì ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ àná, inú ẹ̀ ń dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Òun àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan tí wọ́n jọ lọ lẹ́sìnnì JAMB ti rí yàrá kan ní Agbowó n'Ìbàdàn, tọ́ílẹ́ẹ̀tì wà nínú ẹ̀, wọ́n ti bá éjẹ́ńtì sọ̀rọ̀, wọ́n á pín owó ẹ̀ sí méjì, ó di ọjọ́ Ẹtì kí wọ́n lọ san án. Mo bi í pé ṣé ẹ ti jókòó sọ bẹ́ ẹ ṣe máa jọ gbé níbẹ̀? Ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn. "Àǹtí mi, ọmọ yẹn dáa gan-an ni, kò sí wàhálà láàárín wa rárá."

Kò sí wàhálà. Bí mo ṣe gbọ́ ọ báyìí, ara mi bù máṣọ. Torí èmi tí mò ń tẹ eléyìí, èmi náà fi odidi ọdún kan sọ kò sí wàhálà fún rúùmeètì mi, mo sì mọ ibi tó gbé wa dé. Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ èrò ọkàn mi lẹ́ẹ̀kan kẹ́ni tó fẹ́ bú mi tètè ráyè bú mi: nínú àjọgbé àwa akẹ́kọ̀ọ́, ẹni tó dọ̀tí kọ́ ló ń da nǹkan rú jù, ahun náà kọ́. Ẹni tí ò rí wàhálà nínú ohunkóhun, tó ń rẹ́rìn-ín, tó sì ń kà á sínú, ẹ bẹ̀rù ẹni yẹn. Èmi gan-an ni.

Ọdún 2019 ni. Agbowó yìí náà ni, yàrá kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀dì kékeré méjì, kíṣìnnì tí gbogbo ará òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì jọ ń lò. Rúùmeètì mi fi kíláàsì méjì jù mí lọ, ó sì jù mí lọ lọ́jọ́ orí, torí náà "ẹ" ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀, "ẹ̀gbọ́n" ni mò ń pè é. Ọmọ Òkè-Ògùn ni, agboolé ńlá ló ti jáde, ilé tó jẹ́ pé ẹni tó bá débá ìkòkò lórí iná ló ni ín. Èmi, ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀. Màmá mi ń ta aṣọ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìwé gbèsè àwọn oníbàárà wọn ni mo fi mọ ìṣirò, nílé wa kútẹ́ẹ̀sì ni wọ́n fi ń kọ lẹ́tà orúkọ kálukú sí ìdí ife, tó o bá fi ife ẹlòmíì mumi o máa ṣàlàyé. Mi ò sọ pé ilé wọn dáa ju ilé wa o, mi ò sì sọ pé tiwa dáa ju tiwọn. Ohun tí mò ń sọ ni pé kò sẹ́ni tó sọ bí ilé ẹ̀ ṣe rí fún ẹnì kejì.

Omi ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Kò sómi ẹ̀rọ nílé yẹn, kànga wà lẹ́yìnkùlé, tó bá ti di aago márùn-ún àbọ̀ ìdájí kẹ́ẹ̀gì ti tò lọ bí èèrùn. Mo ra drọ́ọ̀mù búlúù kan ní Bódìjà, èyí tó ń gba lítà 200, kẹ́ẹ̀gì lítà 25 mẹ́jọ ló ń kún un, orí ni mo sì fi ń rù ú láti kànga gun àtẹ̀gùn lọ sókè, lẹ́ẹ̀mẹjọ. Tó bá ṣe èmi nìkan ni, ó ń tó mi lò fún ọjọ́ mẹ́rin. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn jíǹsì, jíǹsì ò sì mọ omi díẹ̀. Wọ́n á ní "mo bu nínú omi ẹ o," èmi á ní "Ha, ẹ̀gbọ́n, kò sí wàhálà," màá wá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, màá ṣí ẹ̀yìn ìwé nóòtì GST mi, màá fa ìlà. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, ìlà kan. Tó bá ti di márùn-ún màá dábùú ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ka ìbò.

Àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo ní ìdánwò, mo ki ike bọ drọ́ọ̀mù, ó dún gbà nísàlẹ̀. Mo dá drọ́ọ̀mù ní ẹ̀gbẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ wá omi bí ẹni tówó jábọ́ mọ́ lọ́wọ́ lókùnkùn, ìwọ̀nba tó kù ò tó bọ́jú, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Táwẹ̀ẹ̀lì tútù ni mo fi nu ara lọ sí hóòlù ìdánwò. Ẹ̀gbọ́n mi ń sùn, jíǹsì mẹ́ta tí wọ́n fọ̀ lóru ń kán omi sílẹ̀ lórí wáyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tó, tó, tó.

Ṣé mo jí wọn? Rárá o. Ṣé mo bá wọn sọ̀rọ̀ nígbà tí mo dé? Mo yà ní jọ́ńṣọ̀n, mo ra págádágodo kan, mo ki ìṣó bọ iná títí tó fi pọ́n, mo fi lu ìdérí drọ́ọ̀mù, mo tì í pa. Wọ́n wọlé, wọ́n wò ó, wọn ò sọ nǹkan kan. Ọjọ́ mọ́kànlá la fi wà nínú yàrá yẹn láìkíra wa, ẹni tó bá fẹ́ kọjá á kàn wúkọ́.

Bíírò ni wọ́n ń wá tí wọ́n fi rí ìwé náà. Mo wọlé, mo bá wọn létí bẹ́ẹ̀dì mi, wọ́n ti ṣí i sẹ́yìn. Omi, 43. Máàgì, 9. Gàrí, kọ́ńgò méjì àbọ̀. Gáàsì, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, pẹ̀lú iye tí mo rà á. Mo rò pé orí owó ni ìjà máa dá lé. Wọn ò mẹ́nu bowó. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n o, ẹ̀gbọ́n o, gbogbo ìgbà tó ò ń pè mí lẹ́gbọ̀n-ọ́n, ò ń kọ mí sílẹ̀ bí onígbèsè ìyá ẹ."

Mi ò rí èsì fọ̀.

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka tiwọn náà, láìwo ìwé. Pé àdúrà orí fóònù tí mò ń fi sí sípíkà ní ìdájí, láti oṣù tá a kó débẹ̀ ni ò ti jẹ́ kí àwọn sùn. Pé ìgbà méjì tí mo rìnrìn àjò lọ sílé, àwọn làwọn dá san owó iná. Pé sílíńdà tá à ń lò yìí, àwọn làwọn rà á, àti régúlétọ̀ àti rọ́bà ẹ̀, àwọn sì rò pé bí àwọn ti ra igbá, èmi á máa ra ohun tó wà nínú igbá, lọ́kàn tiwọn ó ti parí síbẹ̀. Mo gba ìwé mi lọ́wọ́ wọn, mo wò ó. Gáàsì wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Sílíńdà ò sí níbẹ̀. Kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn rí pé ẹnì kan ló fi owó rà á, àfi bíi pé bá a ṣe bá ògiri nínú yàrá yẹn la ṣe bá a.

Ohun tó ṣì ń dùn mí dòní nìyẹn. Ẹni tó ń ṣírò níkọ̀kọ̀, apá tó bá dùn ún ló ń kọ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á wá sọ pé kí ọ̀rẹ́ méjì jókòó máa pín iṣẹ́ pín owó, ìwà òyìnbó nìyẹn, pé ọmọlúàbí kì í ka máàgì. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àǹtí mi pàápàá. Ẹ gbà mí o! Àwọn bàbá wa tí wọ́n ń ṣe àáró, ṣé wọn ò kà á ni? Tẹ́ ẹ bá bá mi roko lónìí, mo mọ̀, ẹ mọ̀, gbogbo abúlé mọ̀ pé oko yín ló kàn, mi ò lè jí lọ́jọ́ kejì kí n ní ẹ̀yìn ń dùn mí. Èsúsù ńkọ́? Kálukú mọ ìgbà tó kàn án láti kó o. Yorùbá ń kà á dáadáa, gbangba ni wọ́n ti ń kà á. Àwíyé nIfẹ̀ ń fọ̀, gbangba lorò ń pẹran. Èyí tí èmi ṣe lẹ́yìn ìwé GST yẹn ni mi ò mọ ìlú tó ti wá.

Ibi tó wá ti le fún àwa ni "ẹ" yìí. Báwo lo ṣe fẹ́ sọ fún ẹni tó ò ń kúnlẹ̀ kí pé àwọn ló kàn láti fọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì? Mo ti rò ó síwá rò ó sẹ́yìn. Ọjọ́ tẹ́ ẹ kó dé ló rọrùn jù, nígbà tẹ́nikẹ́ni ò tíì ṣẹ ẹnikẹ́ni, torí ìbéèrè lásán ni lọ́jọ́ yẹn: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe fẹ́ ká máa ṣe ti omi?" Tó bá fi máa di oṣù kẹta, ọ̀rọ̀ kan náà ti di ẹ̀sùn, ò báà dọ̀bálẹ̀ gbalaja kó o tó sọ ọ́. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n náà, ẹ dákun, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ dá a sílẹ̀, ọmọ 100 level ò lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ojú ń tì í.

Kí wá ni kẹ́ ẹ sọ? Iná ni màá fi ṣíwájú báyìí. Nígbà tiwa owó iná ò tó ohun tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ jà. Àmọ́ láti oṣù Kẹrin 2024 tí wọ́n ti gbé àwọn àdúgbò Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ní iná wọn gbọ́dọ̀ tó ogún wákàtí lójúmọ́, kúrò ní náírà 68 lọ sí náírà 225 lórí yúnìítì kan, wọ́n tún dín in kù díẹ̀ lọ́dún yẹn náà lóòótọ́ àmọ́ kò wá sábẹ́ 200, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Họ́ọ̀tù pléètì tó ń jẹ wáàtì 1,000, tẹ́nì kan bá fi se ẹ̀wà fún wákàtí méjì, yúnìítì méjì ti lọ nìyẹn, ó lé ní 400 náírà lórí ìkòkò ẹ̀wà kan, ata ò tíì wọ̀ ọ́ o, bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀bù LED wáàtì 10 máa tàn fún ọgọ́rùn-ún wákàtí kó tó jẹ yúnìítì kan. Tí ẹnì kan bá wá ń fi iná dáná tí ẹnì kejì ń fi gáàsì dáná, tẹ́ ẹ sì ń pín owó yúnìítì lọ́gbọọgba, ẹnì kan ń rẹ́ ẹnì kejì jẹ nìyẹn.

Rìsíìtì owó ilé, ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀yin méjèèjì sí i. Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló wà lórí tiwa, wọn ò fi halẹ̀ mọ́ mi rí, títí kan ọjọ́ mọ́kànlá yẹn, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé wọ́n sàn jù mí lọ. Kì í ṣe gbogbo èèyàn lẹ máa bá pàdé tó máa rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ sọ ti sítíráìkì náà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Lọ́dún 2022, ọjọ́ 14 oṣù Kejì ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, gùn lé e, ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ni wọ́n tó dá a dúró, oṣù mẹ́jọ gbáko, owó ilé ò sì bá wọn yanṣẹ́ lódì. Mọ̀lẹ́bí wa kan lọ sílé nígbà yẹn, ìgbà tó máa fi padà dé ó bá ẹlòmíì lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, rúùmeètì ẹ̀ ti gba skwọ́tà sílé, ó sì ti gbowó lọ́wọ́ ẹ̀. Ṣé owó tiẹ̀ ni àbí owó àwọn méjèèjì? Wọn ò tíì yanjú ẹ̀ títí dòní.

Ti àdúrà, ti ẹni tó ń jí sáárì nígbà ààwẹ̀, ti ẹni tí ò lè sùn tíná ò bá tàn, ẹ fẹnu kan ìyẹn wéré. Ti àlejò ni kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sọ. Bọ́ífúrẹ́ńdì nìkan kọ́ là ń pè lálejò o. Àbúrò tó wá kọ post-UTME ńkọ́? Sístà fẹ́lóṣíìpù tí ò rí họ́sítẹ́ẹ̀lì ńkọ́, tó ní òun á lò "ọjọ́ méjì péré", tó gbé àdògán wá? Nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì, pọ́tà ló máa lé àlejò jáde nílẹ̀ bá ti ṣú, pọ́tà lẹ jọ máa bú. Níta, kò sí pọ́tà, ẹnì kan nínú yín ló máa di èèyàn burúkú, torí náà ẹ jọ dá iye òru tí àlejò lè sùn nígbà tí àlejò ò tíì kan ilẹ̀kùn.

Àmọ́ mi ò fara mọ́ kẹ́ ẹ lẹ òfin mọ́ ògiri. Mo ti rí i nílé kan, wọ́n kọ "Ẹ FỌ ABỌ́ YÍN" gàdàgbà, kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tẹ́nì kan fi kọ "ÌWỌ ŃKỌ́" sábẹ́ ẹ̀. WhatsApp ti tó, ẹ tẹ ohun tẹ́ ẹ sọ síbẹ̀, kó ṣáà wà níbẹ̀.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi parí tiwa mọ́jú ọjọ́ tí wọ́n rí ìwé yẹn. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin èmi, kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin àwọn, jíǹsì di ẹ̀bá kànga, àdúrà mi di ìáfóònù. A tún jọ gbé ọdún kan sí i títí wọ́n fi jáde. Wọ́n ṣì máa ń pè mí ní akáúńtáǹtì, págádágodo yẹn ló sì wà lára báàgì tí wọ́n fi lọ sìnrú ìlú.

Mo ro gbogbo eléyìí fún àbúrò mi lálẹ́ àná, ó ní "Àǹtí mi, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀." Mo ní ó dáa, ìbéèrè kan péré ni kó bi ọ̀rẹ́ ẹ̀, pé ta ni gbogbo ẹni tó máa wá sùn sọ́dọ̀ ẹ lọ́dún yìí? Ó pè mí padà láàárọ̀ yìí, ohùn ẹ̀ ti rọlẹ̀. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní kò sẹ́nì kankan o, àfi bọ̀dá òun tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, tó máa ń wá sí Ìbàdàn lọ́sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, òun ò sì lè ní kó lọ sùn sí òtẹ́ẹ̀lì nígbà tóun wà ní Agbowó. Bọ̀dá. Nínú yàrá ọmọbìnrin méjì! Àbúrò mi ní kí ló dé tí ò sọ ọ́ látọjọ́ yìí, ó ní òun ò mọ̀ pé wọ́n ń pe ẹbí ní àlejò. Wọ́n ṣì ń bá a sọ lọ́wọ́. Wọn ò tíì sanwó.