Ẹ Má Tún Ti Ìsọ̀ Àwọn Èèyàn Pa Mọ́

Ilé ẹjọ́ ECOWAS tó fìdí kalẹ̀ sí Abuja níbí ti sọ ọ́ ní Ọjọ́bọ̀, 14 Oṣù Keje 2022, pé títì tí ìjọba àpapọ̀ ti Twitter (tí wọ́n ń pè ní X báyìí) pa ní 2021 kò bá òfin mu. Ilé ẹjọ́ ní ìjọba tẹ ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà láti sọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, ó sì pàṣẹ pé irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ wáyé mọ́. Inú wa dùn sí ìdájọ́ yìí. Àmọ́ a ò lè bẹ̀rẹ̀ sí jó, nítorí a mọ ohun tí ìjọba Ààrẹ Muhammadu Buhari ìgbà náà máa ń ṣe sí ìdájọ́ tí kò bá a lára mu.

Ilé ẹjọ́ yìí kan náà ló ní kí wọ́n tú Sambo Dasuki, tó jẹ́ olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ètò ààbò nígbà kan, sílẹ̀ ní Oṣù Kẹwàá 2016. Ọjọ́ tí ọdún Kérésì 2019 ku ọ̀la ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ní Oṣù Kẹta 2022, ilé ẹjọ́ náà ní kí wọ́n tún abala 24 nínú òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015 ṣe. Ó di 2024 kí wọ́n tó tún abala náà ṣe.

Láti Oṣù Kẹfà 2021 la ti ń sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lójú ewé yìí, a ó sì tún un sọ: ìjà Ààrẹ pẹ̀lú iléeṣẹ́ Twitter kì í ṣe ìjà ẹni tó ń tajà níbẹ̀. Wọ́n pa ọ̀rọ̀ Ààrẹ rẹ́, ó dùn ún. A gbọ́. Èwo ni ti ọmọbìnrin tó ń ta àdìrẹ ní Kubwa nínú rẹ̀?

Ọmọ náà wá sí ọ́fíìsì wa ní ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n ti ojú òpó náà. Ọmọ Abẹ́òkúta ni. Ó wá ṣe agùnbánirọ̀ ní Abuja, ó parí rẹ̀, kò padà sílé. Owó ìsọ̀ ní ọjà Wuse kọjá agbára ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ kákí lọ́rùn, nítorí náà orí fóònù ló pàtẹ sí. Ó gbé fóònù ọ̀hún lé tábìlì wa kí a fojú ara wa rí ohun tó kọ kẹ́yìn, ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ tí ìkéde jáde: àwòrán àdìrẹ mẹ́ta tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Ìtòkú, iye tí wọ́n ń ta ọ̀pá kan, Kubwa lòun wà, òun lè fi ránṣẹ́ síbikíbi. Lẹ́yìn náà, gbólóhùn tí gbogbo ọlọ́jà orí Twitter mọ̀ lórí: ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pín in, oníbàárà mi lè wà lójú òpó yín. Èèyàn mọ́kànlá ti bá a pín in kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ojú òpó kò ṣí mọ́. "Ẹ̀gbọ́n," ló wí, "kì í ṣe pé ọjà ò tà. Àwọn tó fẹ́ rà á ni ò rí mi mọ́."

Ó yẹ kí àwọn aláṣẹ mọ ohun tí wọ́n tì pa. Ìyá tó ń kiri mọ́ínmọ́ín kì í dúró ṣàlàyé fún wa bó ṣe lọ ẹ̀wà. Ìpolówó rẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ, "mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje rèé o," ẹni tó ń sùn nínú yàrá á sì jí. Bí Twitter ṣe rí nìyẹn. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 2006, lẹ́tà 140 ni ọ̀rọ̀ kan kò gbọdọ̀ kọjá. Wọ́n sọ ọ́ di 280 ní 2017. Àyè kékeré yẹn ló bá ọlọ́jà wa lára mu. Ohun tó ń tà, iye tó jẹ́, ibi tó wà, ó parí. Ẹlòmíràn á gbà á lẹ́nu rẹ̀, á bá a kígbe rẹ̀ dé àdúgbò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè dé. Ẹni tó wà ní Gwarinpa á rí i, á sanwó láti orí fóònù, ọmọ dispatch á gbé ọjà dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kó tó di ìrọ̀lẹ́.

Gbangba ni gbogbo rẹ̀ sì ti ń ṣẹlẹ̀, èyí ni kókó tí wọn kò fẹ́ gbọ́. Ẹni tí ọjà tẹ́ lọ́rùn á kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ náà á kọ ọ́, yóò fi àwòrán rìsíìtì gbè é lẹ́sẹ̀, orúkọ oníjìbìtì á sì bàjẹ́ kó tó di ọ̀sán. Ọlọ́jà tí kò ní ẹnìkan ní Abuja, tí kò ní bàbá ìsàlẹ̀, fi ẹnu àwọn tó ti rà lọ́wọ́ rẹ̀ kọ́ orúkọ fún ara rẹ̀. Wọ́n ní ṣebí WhatsApp wà. Ó wà o. Àmọ́ ẹni tó ní nọ́ńbà rẹ ló lè rí ohun tí o gbé síbẹ̀. Ààrin ẹbí nìyẹn, kì í ṣe ọjà. Àwọn tó bá VPN, ohun èlò tó ń fi ibi téèyàn wà pamọ́, wọlé ń sun dátà, wọ́n sì ń bẹ̀rù, nítorí ọjọ́ kejì ìkéde ni Mínísítà ètò ìdájọ́ ìgbà náà, Abubakar Malami, ti ní kí wọ́n máa gbé ẹni tó bá tàpá sí àṣẹ náà lọ sílé ẹjọ́. Ilé ẹjọ́ ECOWAS ló dá a lọ́wọ́ kọ́ ní 22 Oṣù Kẹfà 2021.

Ohun kan tún wà tí àwa tó ń fi Yorùbá kọ̀wé lápá òkè ọya níbí kò lè gbójú fò. Àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù kan ń gba lẹ́tà 160. Bí o bá fi ẹyọ "ẹ" tàbí "ọ" kan sínú rẹ̀, á já wálẹ̀ sí 70, o ó sì san owó àtẹ̀jíṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ìyẹn wà lára ohun tó kọ́ ọ̀pọ̀ wa láti máa kọ Yorùbá láìlámì, tí "ọkọ̀" àti "ọkọ́" wá di ọ̀kan náà. Orí Twitter ni àwọn ọ̀dọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí dá àmì padà, pàápàá láti 2012 tí Kọ́lá Túbọ̀sún, onímọ̀ èdè, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi 1 Oṣù Kẹta ṣe ọjọ́ tí gbogbo wa ń fi Yorùbá sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kaduna, tó dàgbà sí Jos, ibẹ̀ ló ti rí ẹni tó bá a tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe.

Ó sì kọjá ọjà, ó kọjá èdè. Ní 28 Oṣù Kẹta 2022, tí àwọn agbébọn kọlu ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ láti Abuja sí Kaduna, dókítà obìnrin kan tó wà nínú ọkọ̀ náà kọ ọ́ sórí Twitter pé wọ́n ti yìnbọn fún òun, kí àwọn èèyàn gbàdúrà fún òun. Ó kú. Ká ní oṣù mẹ́ta ṣáájú ìgbà yẹn ni, ojú òpó tó fi ké ì bá wà ní títì, nítorí pé ẹnìkan pa ọ̀rọ̀ Ààrẹ rẹ́. Ní alẹ́ 5 Oṣù Keje 2022 tí àwọn agbébọn ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Kuje, orí fóònù làwọn ará àdúgbò ti ń kìlọ̀ fún ara wọn pé ìró ìbọn ń dún. Àwọn ará wa tó ń ṣòwò ní Gusau mọ bó ṣe ń rí tí kò bá sí èyí, nítorí nígbà tí ìjọba gé gbogbo nẹ́tíwọ̀kì Zamfara ní Oṣù Kẹsàn-án 2021, àwọn mìíràn ní láti wọkọ̀ lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn kí wọ́n tó lè pe ìyàwó àti ọmọ.

Orí Twitter gan-an ni iléeṣẹ́ ètò ìròyìn ti kéde pé àwọn ti ti Twitter. Alhaji Lai Mohammed, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Mínísítà ètò ìròyìn nígbà náà, ọmọ Kwara ni yín, ẹ gbọ́ èdè tí a fi ń kọ èyí. Ibi tẹ́ ẹ ti rí ààyè polówó tiyín lẹ wá gbé àgádágodo sí lẹ́nu tàwọn ẹlòmíràn. Ọjọ́ 222 ni. NBC, àjọ tó ń mójú tó iléeṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ní kí wọ́n kúrò níbẹ̀. Nígbà tí ẹ wá ṣí i ní 13 Oṣù Kìíní 2022, ẹ ní Twitter ti gbà láti forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, láti yan aṣojú, láti san owó orí. Ó dára. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n má san owó orí. Ṣé ìgbà tí ẹ bá fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ onílé lẹ máa ń lé àwọn ayálégbé síta? A kò tíì gbọ́ ẹ jọ̀ọ́ kan ṣoṣo lẹ́nu yín, àní sí àwọn tí kò bá yín jà.

Irọ́ ń fò lórí Twitter, a kò sẹ́. Àwọn kan ń fi í dáná ìjà ẹ̀yà. Ẹni tó bá parọ́ tó ṣeni léṣe, kí wọ́n mú u, kí wọ́n gbé e lọ síwájú adájọ́, kó rojọ́. Bí ẹnìkan bá ta ògùn ayédèrú ní ọjà Garki, a kì í ti gbogbo ọjà Garki pa fún oṣù méje.

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ ti kọjá, pé ojú òpó ti ṣí. Kò tíì kọjá. Ní 13 Oṣù Kẹfà 2022, oṣù kan péré kí ìdájọ́ yìí tó jáde, NITDA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ, gbé ìlànà tuntun síta fún àwọn ojú òpó bíi Twitter, kí aráàlú lè dá sí i. Lára rẹ̀ nígbà náà ni pé bí iléeṣẹ́ ìjọba tó lẹ́tọ̀ọ́ bá ti kọ̀wé pé ọ̀rọ̀ kan lòdì sófin, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò láàrin wákàtí 24. Ta ló sọ pé ó lòdì sófin? Òṣìṣẹ́ ìjọba tó kọ̀wé. Adájọ́ dà? Kò sí níbẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ọwọ́ agbára ṣe ní 2021 ni wọ́n fẹ́ fi ìwé ṣe ní 2022, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí a béèrè nígbà náà ni kí NITDA mú ìlà yẹn kúrò, kí wọ́n fi àṣẹ ilé ẹjọ́ rọ́pò rẹ̀, kí ìlànà náà tó di èyí tí wọ́n ń lò. A tún béèrè pé kí Malami jáde sọ fún aráàlú bóyá ìjọba yóò tẹ̀ lé ìdájọ́ 14 Oṣù Keje, kó sì sọ ọ́ ní gbangba. Ọmọ aláàdìrẹ náà ṣì wà ní Kubwa. Ó ti padà sórí Twitter, ṣùgbọ́n ó ní nínú àwọn oníbàárà òun àtijọ́, àwọn tó pọ̀ ni kò tíì padà wá.