Ẹ fi bẹlubẹlu ọmọ yẹn sílẹ̀

Sátidé tó kọjá, a wà níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ìyàrá. Ọmọ tuntun náà ń mí, èémí rẹ̀ ń dún: hìì… hìì. Kí ìyá rẹ̀ tó ráyè fi ọmú sí i lẹ́nu, ìyá àgbà kan ti dájọ́ lórí ẹran kékeré tó rọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ẹnu ọmọ náà: "Bẹlubẹlu rẹ̀ ló gùn. Ẹ pe olóólà kó wá gé e." Gbogbo ilé mi orí. Ó ti sú mi o! Láti Ẹ̀gbẹ̀ títí dé Kábà, bí èémí ọmọ bá ti ń dún, bẹlubẹlu náà ni.

Mo kúnlẹ̀, mo ní "Ọ̀kun o, ìyá." Mo wá sọ fún wọn pé wọ́n gé ti ọmọ tèmi náà.

Ọmọ mi kejì ni. Àtọjọ́ tí mo ti bí i ni èémí rẹ̀ ti ń dún. Bó bá ń sunkún tàbí tó ń mu ọmú, ariwo náà á le sí i. Bó bá wúkọ́, ẹ ó rò pé ajá ló gbó. Bó bá sùn, á da orí sẹ́yìn, á na ọrùn bí adìyẹ tó ń mumi. Mo lè tún orí rẹ̀ gbé síwájú nígbà mẹ́wàá lóru, á tún dà á sẹ́yìn. Ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ á fi ráyè kọjá ló ń wá, a ò mọ̀. Olóólà wá nígbà tó pé oṣù mẹ́ta. Ó gé e, ẹ̀jẹ̀ rin ìró mi gbingbin. Mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi mọ́: hìì… hìì. Bẹlubẹlu ti lọ, ariwo ò lọ.

Nígbà tó di pé ó ń jẹ ẹ̀kọ, tó ń fún un lọ́fun, a gbé e lọ sí Ìlọrin. Wọ́n fún un ní omi funfun kan tó rí bí ẹfun mu, wọ́n sì ya X-ray. Dókítà gbé àwòrán náà sí ojú ìmọ́lẹ̀ fún mi. Omi funfun náà hàn bí ìlà, ó ń bọ̀ láti ọ̀fun gbọọrọ. Nígbà tó dé àyà, ó fún wọlé lọ́tùn-ún lósì, bíi pé ẹnì kan fi ìka méjì há a mọ́ra. Kì í ṣe ẹnu o, kì í sì í ṣe ibi tí bẹlubẹlu wà. Inú àyà ni!

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó jáde láti inú ọkàn, tí wọ́n ń pè ní aorta, máa ń gòkè, á tẹ̀ bí ọrun sí apá òsì, ẹ̀ka mẹ́ta á sì yọ lára rẹ̀ lọ sí orí àti apá. Nínú oyún, méjì-méjì ni àwọn iṣan yìí fi ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀tún àti òsì, ìpín mẹ́fà. Láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 8, àwọn kan á pòórá, àwọn kan á yí ààyè padà. Èyí tó yẹ kó pòórá lápá ọ̀tún ọmọ mi kò pòórá. Ọrun di méjì, ọ̀kan gba ọ̀tún, ọ̀kan gba òsì, wọ́n pàdé lẹ́yìn, wọ́n sì ká ọ̀nà èémí àti ọ̀nà oúnjẹ mọ́ àárín bí okùn lọ́rùn ewúrẹ́. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní omi tútù tí mo mu lóyún ni, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Nígbà tí n óò fi mọ̀ pé oyún wà, iṣan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tò tán.)

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Lọ́dún 1794, David Bayford, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé jáde nípa obìnrin kan tí oúnjẹ ò lọ lọ́fun rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí apá ọ̀tún rẹ̀ ló hù níbi tí kò yẹ, tó ń tẹ ọ̀nà oúnjẹ. Bayford pè é ní eré tí ìṣẹ̀dá ń ṣe. Nínú bí ọgọ́rùn-ún èèyàn, ẹnì kan lè ní irú iṣan yẹn, púpọ̀ wọn ò sì ní mọ̀ títí wọn á fi kú. Lọ́dún 1945, Robert Gross, dókítà oníṣẹ́ abẹ, ti ń la òrùka iṣan bíi tọmọ mi fọ́mọdé ní Boston. 1945 o! Àwa ṣì ń wá abẹ olóólà.

"Wọ́n gé ti ọmọ lágbájá, ó sì sàn." Mo gbọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló jẹ́ pé òkè ọ̀nà èémí wọn ló ṣì rọ̀. Á le fúnra rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dàgbà, olóólà á wá gba ọpẹ́. Ó dáa, mo gbà pé àwọn tó ní òrùka nínú àyà kò pọ̀. Ẹ mú èyí tó wù yín nínú méjèèjì, bẹlubẹlu ò sí níbẹ̀.

Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, láti abẹ́ apá òsì. Wọ́n gé ọrun tó kéré, wọ́n sì dí ojú rẹ̀. Ariwo ò tán lọ́jọ́ kan, nítorí ọ̀nà èémí tí wọ́n ti fún pọ̀ tipẹ́ ti rọ̀. Ó gbà wá lóṣù mélòó kan. Ó ti pé ọdún mẹ́fà báyìí, ó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ du iyán.

Ó wà níbẹ̀ ní Sátidé. Mo bu omi fún un, mo ní kó yára mu ún níwájú ìyá àgbà. Omi gba imú rẹ̀ jáde, bó ṣe máa ń ṣe látìgbà tí wọ́n ti gé bẹlubẹlu rẹ̀. Ìyá wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n wá ní kí wọ́n gbé ọmọ tuntun yẹn wá, kí àwọn rí bó ṣe ń gbé ọrùn.