Ẹ Yé Fi Arọ àti Afọ́jú Bú Ara Yín

Bí ènìyàn bá wọ takisí Micra láti Dúgbẹ̀ lọ sí UI láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kó tó dé Sángo, yóò ti gbọ́ afọ́jú, adití, wèrè àti dìndìnrìn, bẹ́ẹ̀ ojú àwọn tí wọ́n ń bú náà ríran kedere, etí wọn sì gbọ́ràn. Ọlọ́kadà tó já wọ títì lójijì ni afọ́jú. Ẹni tí wọ́n fọn fèrè fún tí kò yà ni adití. Ọlọ́pàá tó dá ọkọ̀ dúró ni wèrè, ṣùgbọ́n ó dìgbà tí ọkọ̀ bá sún kúrò níwájú rẹ̀ dáadáa. Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ìbàdàn la wà, ẹnu wa mú, a ò sì fi ṣe ìtìjú.

Èrò tiwa ni pé irú èébú yìí ń ṣe ju kó dun ẹnì kan lọ. Ó ń sọ àìsàn di ẹ̀gàn. Ẹ̀gàn yẹn ló ń mú kí àwọn ẹbí fi ènìyàn wọn pamọ́, ẹni tí wọ́n bá sì fi pamọ́ kì í rí dókítà, kì í rí ilé ẹ̀kọ́ lọ. Nítorí náà, kí àwọn tí àṣẹ wà lọ́wọ́ wọn ní ilé ẹ̀kọ́, ní ilé iṣẹ́ rédíò àti ní gáréèjì dá a dúró níbi tí agbára wọn bá dé.

Kò sí ohun tó ṣe àwọn ọ̀rọ̀ náà fúnra wọn. Afọ́jú, arọ, abuké, akólòlò, adití, bí Yorùbá ṣe ń júwe ènìyàn ni. Àwọn adití kì í sá fún orúkọ yẹn. Èyí tó ń bí wọn nínú ni kí wọ́n pè wọ́n ní odi, nítorí wọ́n ní èdè, ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Òwe wa náà kún fún wọn. Wọ́n ní, “Amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́,” ó ní, “Òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀.” Amúkùn-ún ló sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn níbẹ̀, ọgbọ́n sì wà lẹ́nu rẹ̀ ju ti àwọn tó ń wò ó lọ. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Ìyẹn kì í ṣe èébú, ìgboyà ni wọ́n ń fún ọmọ.

Àwọn àgbà máa ń kí aláboyún pé kí òrìṣà ya ọnà ire ko wá. Ọbàtálá ni wọ́n gbà pé ó ń mọ ọmọ nínú ikùn, wọ́n sì ń pe abuké, arọ àti àfín ní ẹni òrìṣà. Ẹni tó bá fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, ẹni tó mọ wọ́n ló fi ṣe ẹlẹ́yà. Àmọ́ kí á má tan ara wa o. Ìbẹ̀rù òrìṣà ni, kì í ṣe ìfẹ́ ọmọnìkejì, ìgbà tí ìbẹ̀rù sì kúrò, kí ló kù? Títí di òní, ọmọ àfín ò lè kọjá ní àdúgbò kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ má bi í bóyá ó jẹ iyọ̀. Òwe tó korò náà sì wà, bí èyí tó ní wèrè dùn ún wò, kò ṣé bí lọ́mọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ ni ibi tí a ti ń gbé e wọ ẹni tí kì í ṣe tirẹ̀. Dírẹ́fà tó pe ọlọ́kadà ní afọ́jú mọ̀ pé ọkùnrin náà ríran. Ohun tó fẹ́ kó dùn ún ni pé ó kó o mọ́ àwọn afọ́jú, bí ẹni pé kò sí ẹgbẹ́ tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọlọ́kadà náà á bú u padà, á sì gbàgbé kó tó dé Mọ́kọ́lá.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀yìn ọkọ̀. Ọmọkùnrin kan jókòó síbẹ̀, ó ká ọ̀pá funfun rẹ̀ lé orí itan, ó ń lọ síléèwé. Bí dírẹ́fà ṣe yọ orí síta tó pariwo, “Ìwọ afọ́jú yìí!”, obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan tí kò sọnù nínú báàgì rẹ̀. Dírẹ́fà wo dígí, ó rí ọ̀pá. “Ẹ má bínú o, bọ̀dá mi, kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń bá wí.” Òótọ́ ló sọ, kì í ṣe ọmọ náà ló ń bá wí, òun ló kàn mú, tó fi sọ ẹlòmíràn ní òkò. Nígbà tí wọ́n dé, ó ní kí ọmọ náà má san owó ọkọ̀. Owó náà sì ti wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní Sángo, ó ti kà á pé. Èébú lákọ̀ọ́kọ́, sàráà lẹ́yìn náà. Kò béèrè ọ̀kan nínú méjèèjì.

Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ní ìlú yìí, ṣúmẹ́kà kan wà tí gbogbo ènìyàn ń pè ní arọ. “Bàtà mi wà lọ́dọ̀ arọ.” “Bó o bá dé ọ̀dọ̀ arọ, yà sọ́tùn-ún.” Orúkọ rẹ̀ wà lára pátákó tó gbé síwájú ṣọ́ọ̀bù, òun àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn oníbàárà tó ti ń tún bàtà ṣe lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ìgbà èwe wọn kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n á ní ìdánimọ̀ lásán ni. Bó bá jẹ́ ìdánimọ̀ lásán, kí ló dé tí wọn kì í pè é bẹ́ẹ̀ lójú ara rẹ̀? Wọ́n mọ̀ pé a kì í ka oníka mẹ́sàn-án lójú ara rẹ̀, wọ́n wá rò pé a lè máa kà á lẹ́yìn rẹ̀. Àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ló sọ ọ̀pọ̀ irú wọn di ẹni tí ń fi ọwọ́ rìn, àrùn tí ẹ̀kán oògùn díẹ̀ lẹ́nu ọmọ ì bá dí lọ́nà. Oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n tó kéde pé irú rẹ̀ tó wà látilẹ̀wá ti kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ó pẹ́ jù fún ṣúmẹ́kà wa.

A sì mọ bí a ṣe ń pe ènìyàn lórúkọ. Yínká Ayéfẹ́lẹ́ ti wà lórí kẹ̀kẹ́ láti ìgbà tí ìjàm̀bá ọkọ̀ ṣe é lọ́dún 1997. Ó kọrin, ó dá ilé iṣẹ́ rédíò sílẹ̀ nílùú yìí, orúkọ rẹ̀ la sì fi ń pè é. Ṣé ó dìgbà tí ènìyàn bá ní rédíò kó tó ní orúkọ ni? Bàbá Kúnlé la máa ń pe télọ̀ tó wà lódì kejì. Kí ṣúmẹ́kà náà jẹ́ Bàbá ẹnì kan.

Àwọn kan gbà pé bí a bá ti rí orúkọ tuntun tó dùn létí, gbogbo rẹ̀ parí. A ò bá wọn jiyàn lórí “akàndá ẹ̀dá”, orúkọ tuntun tí wọ́n fi ń pe àwọn tó ní àìlera. Bí àwọn tó ni ara wọn bá fẹ́ ẹ, kí á fi pè wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó. Ẹni tó bá kàwé nílùú yìí mọ “imbecile”, ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu tíṣà kan rí, pẹ̀lú pàṣán lọ́wọ́. Àwọn dókítà ló ni ọ̀rọ̀ náà. Nígbà kan, “idiot”, “imbecile” àti “moron” jẹ́ ipò mẹ́ta tí wọ́n fi ń to àwọn tí ọpọlọ wọn kò dàgbà tó ọjọ́ orí wọn. Henry Goddard ní Amẹ́ríkà ló mú “moron” wọlé ní 1910, fún àwọn tí làákàyè wọn dà bíi ti ọmọ ọdún mẹ́jọ sí méjìlá. Ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di èébú. Àwọn dókítà jù wọ́n nù, wọ́n mú “mental retardation”, ìyẹn ìfàsẹ́yìn ọpọlọ, àwọn ọmọ iléèwé gé ìyẹn náà kúrú sí “retard”, wọ́n ń fi bú ara wọn, títí tí Ààrẹ Obama fi buwọ́ lu òfin tó yọ ọ́ kúrò nínú àwọn òfin ìjọba àpapọ̀ wọn lórí ìlera, ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ lọ́dún 2010. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1952 fún àwọn tí iṣan ara wọn máa ń le nítorí ìpalára ọpọlọ, Spastics Society ni wọ́n ń pè é. Ó di dandan kí wọ́n yí orúkọ padà sí Scope ní 1994, nítorí àwọn ọmọdé ti sọ orúkọ ẹgbẹ́ náà di ohun tí wọ́n fi ń ṣe ara wọn ní yẹ̀yẹ́. Orúkọ ń yí, ẹnu ò yí.

Níbí ńkọ́? Títí di oṣù Kìíní ọdún 2023, òfin tí a fi ń ṣe ọ̀rọ̀ aláìsàn ọpọlọ ní Nàìjíríà ni èyí tí àwọn amúnisìn gbé kalẹ̀ ní 1916, tí wọ́n tún tẹ̀ jáde ní 1958, tó ń jẹ́ òfin “Lunacy”, ìyẹn òfin wèrè. Ààrẹ Buhari ló buwọ́ lu tuntun tó rọ́pò rẹ̀. Kí ẹ wá dúró sí gáréèjì Ìwó Road, kí ẹ gbọ́ bóyá “wèrè” dín kù lẹ́yìn òfin náà.

“Wèrè” yìí ló sì ń pa wá lára jù. Àwọn tó ń wádìí ìdílé ọkọ tàbí ìyàwó máa ń béèrè ohun mẹ́ta: ṣé wèrè wà níbẹ̀, ṣé wárápá wà níbẹ̀, ṣé ẹ̀tẹ̀ wà níbẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní ìtọ́jú. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fúnni ní oògùn ẹ̀tẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí obìnrin kan bímọ tán, tí kò sùn fún ọjọ́ mélòó kan, tó ń bá ẹni tí a kò rí sọ̀rọ̀, gbogbo ilé mọ orúkọ ohun tó ń ṣe é, abísínwín. Ó tún jẹ́ ohun tí wọ́n ń wò sàn ní UCH. Ìyá ọkọ ò ní gbà kí wọ́n gbé e lọ síbẹ̀. Bí aládùúgbò bá rí wọn lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀ka tó ń tọ́jú ọpọlọ, ta ni yóò fẹ́ àbúrò rẹ̀? Wọ́n á tì í mọ́lé, wọ́n á gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń de ènìyàn mọ́lẹ̀, wọ́n á ní ó rìnrìn àjò. Kì í ṣe àìmọ̀kan ló mú wọn ṣe é. Láti kékeré ni wọ́n ti ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ àìsàn náà bí ẹni ń tutọ́.

Ìyẹn sì burú fún ìlú bí Ìbàdàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo, tó padà wá di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ti fi hàn ní Arò, l’Ábẹ́òkúta, láti 1954, pé aláìsàn ọpọlọ lè máa gbé láàárín àwọn ará abúlé, kó máa ṣiṣẹ́ oko, kó máa gba ìtọ́jú. Àwọn àgbẹ̀ ló gbà wọ́n sílé, àwọn tí kò kàwé kankan. Àwa tí a kàwé ni a ń fi wọ́n bú ara wa.

Ẹ̀bẹ̀ tó máa ń jáde ni pé àwàdà ni, tàbí pé a fẹ́ gba ẹnu lọ́wọ́ ọmọ Ìbàdàn. A ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má bú ẹnikẹ́ni mọ́. A mọ ohun tó ṣeé ṣe. Èdè Yorùbá ò ṣaláìní èébú. Oníwàdùwàdù wà, òpùrọ́ wà, ọ̀lẹ wà, aláìbìkítà wà, oníranù wà, gbogbo wọn ló sì dúró lórí ìwà tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ hù. Ọlọ́kadà tó já wọ títì, ẹ pè é ní oníwàdùwàdù, ó tọ́ sí i, kó gbọ́ ọ kó tó sùn lálẹ́. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò tí kò lè pa wá lẹ́rìn-ín láìsín akólòlò jẹ, iṣẹ́ ló yẹ kó lọ kọ́.

Òfin tó dènà ìyàsọ́tọ̀ àwọn akàndá ti wà láti oṣù Kìíní ọdún 2019. Ẹni tó bá rú u lè san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà tàbí kó lọ ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, ilé iṣẹ́ tó bá rú u á san mílíọ̀nù kan. A ò ní kí ọlọ́pàá máa mú dírẹ́fà nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu, wọ́n á kàn sọ ọ́ di ọ̀nà owó mìíràn ni. Ṣùgbọ́n òfin kan náà gbé e lé ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìròyìn lọ́wọ́ pé kí wọ́n máa là àwọn ará ìlú lọ́yẹ̀ lórí iyì àti ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Rédíò tó wà n’Ìbàdàn ò lóǹkà. Kí ìlanilọ́yẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ní Yorùbá, lákòókò tí àwọn onímọ́tò ń gbọ́ rédíò. Kí àwọn tó ni ilé iṣẹ́ náà sì sọ fún àwọn atọ́kùn ètò wọn pé ẹni tó bá fi àìlera ṣe yẹ̀yẹ́ lórí afẹ́fẹ́, lórí afẹ́fẹ́ kan náà ni yóò ti tọrọ àforíjì. Kí àwọn alákòóso gáréèjì gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú àwọn awakọ̀ nípàdé wọn.

Iléèwé ló kù, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Ìlú tí Andrew Foster, ará Amẹ́ríkà tó jẹ́ adití fúnra rẹ̀, ti dá ilé ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀, tí Yunifásítì rẹ̀ ń kọ́ àwọn tíṣà tó ń tọ́jú akàndá, kò yẹ kó ṣì máa gbọ́ “Ṣé o dití ni?” nínú kíláàsì. Ìdí ni pé nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ náà dití. Etí tó ń ṣọyún láti ọdún tó kọjá, tàbí yínrùnyínrùn tó ṣe é nígbà tó wà ní kékeré, ti mú ìdajì ìgbọ́ràn rẹ̀ lọ. Ó jókòó sẹ́yìn, ó ń wo ẹnu tíṣà, tíṣà kọ ojú sí bọ́ọ̀dù. Tíṣà ti ṣàyẹ̀wò rẹ̀ láìmọ̀, ó tún fi èsì náà bú u, kíláàsì rẹ́rìn-ín, ọmọ náà kò sì ní nawọ́ mọ́ títí sáà yóò fi parí. Kí Ilé Iṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ ní Sẹkitéríàtì, Agodi, kọ̀wé sí gbogbo ọ̀gá iléèwé kí sáà tuntun tó wọlé: tíṣà tó bá sọ bẹ́ẹ̀ sí ọmọ kan, kí wọ́n bi í lọ́jọ́ yẹn gan-an bóyá ẹnikẹ́ni ti yẹ etí ọmọ náà wò.