Àtúnṣe lórí orísun «mangiare»

Ẹ kọ ọ́ pé inú «mano», ìyẹn ọwọ́, ni àwọn ará Ítálì ti mú «mangiare», ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún jíjẹun, nítorí pé ọwọ́ ni àwọn baba ńlá wọn fi ń jẹun. Ó dùn létí, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Inú «manducare» ti èdè Látìn ni ó ti jáde, èyí tí ó so mọ́ «mandere», ìyẹn kí a fi eyín rún nǹkan. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Faransé ìgbàanì, tí wọ́n ń pè é ní «mangier», ni ó sì gbà dé Ítálì. «Manicare» ni èdè Ítálì fúnra rẹ̀ jogún, òun ni Dante, akéwì ará Ítálì, sì fi sí Ugolino lẹ́nu, ẹni tí ebi pa kú pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ nínú ilé ìṣọ́ ní ìlú Pisa.