Ẹ̀yin Òǹkọ̀wé Regency, Duke Yín Ti Pọ̀ Jù, Òfin Yín Ò Sì Tó

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìwé ìfẹ́ nípa England ìgbà Regency, láàárín 1811 sí 1820, ẹ gbọ́. Ojú ìwé kìíní, Duke kan, ìyẹn ọlọ́lá tí oyè rẹ̀ ga jù lẹ́yìn ìdílé ọba, wọ ibi ijó. Irun rẹ̀ dúdú, ojú rẹ̀ le koko, ó sì ti búra pé òun ò ní gbéyàwó láéláé. Kò burú, ohun tá a tìtorí ẹ̀ rà á nìyẹn. Ojú ìwé kẹta, ìránṣẹ́ tẹrí ba, ó ní, "Yes, my lord." Háà! Kí ọmọbìnrin tí wọ́n ń torí ẹ̀ kọ̀wé tó yọjú rárá, ìwé ti sú wa.

Ta ní ń pe Duke ní "my lord"? Ìránṣẹ́ o, oníṣòwò o, àgbẹ̀ tó ń dáko lórí ilẹ̀ rẹ̀ o, "Your Grace" ni gbogbo wọn ń pè é. Àwọn ọlọ́lá ẹgbẹ́ rẹ̀ á pè é ní "Duke", ó tán. "My lord" wà fún àwọn oyè tó wà lábẹ́ Duke: Marquess, Earl, Viscount àti Baron. Ẹ wo ẹni tó wọ ààfin, tó na ọwọ́ sí Kábíyèsí, tó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ káàsán." Ṣé ẹnì kan á tún gbọ́ ẹjọ́ tó bá wá rò? Bí ìwé yín ṣe ń rí lójú ẹni tó mọ ìdí ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ti àwọn obìnrin ló tún burú jù. Ká ní ọkùnrin kan ń jẹ́ Thomas Marlow, tí oyè rẹ̀ sì jẹ́ Earl of Ravensby. "Lady Ravensby" ni ìyàwó rẹ̀. Kì í ṣe Lady Marlow. Kì í sì í ṣe Lady Jane, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Jane ni wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìsàmì. Ẹni tó ń jẹ́ "Lady Jane" ni ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Duke, Marquess tàbí Earl. Ó bá a wáyé ni. Ọmọ Viscount àti ọmọ Baron, "Miss" lásán ni wọ́n ń pè é lẹ́nu. Sir William Hart tó jẹ́ Baronet, oyè àjogúnbá tó wà lábẹ́ Baron, "Sir William" ni, ẹnikẹ́ni kì í pè é ní "Sir Hart" láé, ìyàwó rẹ̀ sì ni "Lady Hart". Ọmọkùnrin kejì tí Duke bí, tó ń jẹ́ Lord Henry Dashford, ìyàwó tirẹ̀ ni "Lady Henry". Bẹ́ẹ̀ ni, orúkọ ọkọ gan-an ni wọ́n fi ń pe obìnrin náà.

Ẹni tó bá dàgbà nínú agbo ilé mọ̀ pé ọmọ ilé yàtọ̀ sí ìyàwó ilé, àti pé bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn ti tó láti fi mọ èwo ni. Ohun kan náà ni. Tí òǹkọ̀wé bá pe ìyàwó Baronet ní "Lady Jane" lójú ìwé 12, a ti gbà pé ọmọ Earl ni, a ti ń retí bàbá tó lẹ́nu nílùú. Ó di ojú ìwé 200, wọ́n ní ọmọ àlùfáà abúlé ni. Ta la máa dá lẹ́bi?

Iye Duke ńkọ́? Regency bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 1811, nígbà tí wọ́n fi àrẹ̀mọ ṣe adelé nítorí àìsàn George Kẹta, ó sì parí ní oṣù Kìíní 1820 tí ọba náà wàjà. Tí ẹ bá yọ àwọn ọmọ ọba kúrò, Duke tó wà ní gbogbo Britain àti Ireland nígbà náà kò pé ogójì. Púpọ̀ nínú wọn ti gbéyàwó, àwọn mìíràn ti darúgbó. Ẹ wá lọ wo àtẹ ìwé: ọ̀rẹ́ méje, Duke ni gbogbo wọn, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni gbogbo wọn, àpá idà wà lójú mẹ́rin nínú wọn. Baronet dà? Àlùfáà dà? Ọ̀gá ọkọ̀ ogun ojú omi tó fi owó ìkógun ra ilé dà? Àwọn yẹn wà lóòótọ́, wọ́n sì pọ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ọmọbìnrin tí kò lówó pàdé wọn láìjẹ́ pé kẹ̀kẹ́ ẹṣin kọ́kọ́ dà á sínú ẹrẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ogún ló máa ń jẹ́ kí n fẹ́ ju ìwé mọ́ ògiri. Bàbá bínú sí àkọ́bí, ó ní òun á fi ìwé ìhágún gbé oyè fún àbúrò. Irọ́ ni. Ìwé ìhágún kò lè gbé oyè fún ẹnikẹ́ni. Ìwé tí ọba fi dá oyè sílẹ̀ ló ti sọ ẹni tí ó kàn, kò sì sí àwọn afọbajẹ tí èèyàn lè lọ bá lóru. Nílẹ̀ England, ọmọ àlè kò lè jẹ ẹ́, kódà bí bàbá bá padà gbé ìyá rẹ̀ níyàwó. Ọmọ tí wọ́n gbà tọ́ kò lè jẹ ẹ́. Òfin ìgbọmọtọ́ gan-an kò sí níbẹ̀ títí di 1926. Duke tó wá ní òun kọ oyè sílẹ̀ nítorí ìfẹ́ ńkọ́? Òfin tó fàyè gba kí èèyàn kọ oyè sílẹ̀, 1963 ló jáde. Tó bá jẹ́ 1814 ló sọ ọ́, ó ku ọdún 149 kó tó lè ṣe é.

Ohun tó ń dunni níbẹ̀ ni pé òfin gidi dùn ju irọ́ yín lọ. Ilẹ̀ tí wọ́n ti so mọ́ ajogún, bàbá kò lè tà á: ó lè jẹ gbèsè dé ọrùn, kó sì máa gbé inú ilé tó ní ọgọ́rùn-ún fèrèsé. Owó tí opó máa jẹ, wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn kó tó wọlé ọkọ. Ọmọbìnrin mẹ́rin, owó tí wọ́n máa fi rán wọn lọ sílé ọkọ ti wà lákọsílẹ̀; tí wọ́n bá wá bí ìkarùn-ún, tàwọn tó kù á dín kù. Ẹ fi ìyẹn kọ̀wé ná, kẹ́ ẹ wò ó bóyá a ò ní rà á.

Ìgbéyàwó gan-an wá ńkọ́? Aago mẹ́sàn-án alẹ́, nínú pálọ̀ Duke, wọ́n jí àlùfáà kan lójú oorun, ó ṣí ìwé, ó parí, wọ́n ti di tọkọtìyàwó. Ẹ dákun! Nígbà náà, lábẹ́ òfin ọdún 1753, ọ̀nà mẹ́ta ló wà fún àwọn Krìstẹ́nì England, yàtọ̀ sí ìjọ kan tí wọ́n ń pè ní Quaker. Wọ́n lè kéde orúkọ wọn nínú ṣọ́ọ̀ṣì fún ọjọ́ ìsinmi mẹ́ta. Wọ́n lè gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ bíṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n lò ó nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n dárúkọ sínú rẹ̀. Méjèèjì yìí, láàárín aago mẹ́jọ àárọ̀ sí méjìlá ọ̀sán ni. Ẹ̀kẹta ni ìwé àṣẹ àkànṣe láti ọ́fíìsì Archbishop of Canterbury. Òun nìkan ló gba pálọ̀, òun nìkan ló gba alẹ́, kì í sì í ṣe gúgúrú téèyàn ń rà ní ìdúró ọkọ̀. Tí ẹ bá ṣe é ní pálọ̀ láìní in, ìgbéyàwó náà kò sí lójú òfin rárá. Ẹ ro ibi tó ń já sí: ìwé kejì títí dé ìkẹfà tí ẹ ń tà fún wa, ìtàn àwọn ọmọ wọn ni. Ọmọ àlè ni gbogbo wọn! Oyè ti lọ bá ìbátan bàbá wọn kan ní Yorkshire, òǹkọ̀wé ò tiẹ̀ mọ̀.

Ẹni tí kò tíì pé ọdún 21 tó fi ìwé àṣẹ gbéyàwó láìsí ìyọ̀ǹda bàbá, asán ni tiẹ̀ náà. Ìdí tí wọ́n fi ń sá lọ sí Gretna Green, abúlé kan ní ẹnubodè Scotland, nìyẹn, torí pé òfin yẹn kò dé Scotland. Ó dáa. Ṣùgbọ́n láti London dé Gretna ju 300 máìlì lọ. Kẹ̀kẹ́ ẹṣin tó yá dáadáa lójú ọ̀nà tó dáa, máìlì mẹ́jọ sí mẹ́wàá ló ń rìn ní wákàtí kan, wọ́n sì ń pààrọ̀ ẹṣin ní bíi máìlì mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún síra wọn. Ẹṣin kì í ṣe ọ̀kadà. Àwọn tó kúrò níbi ijó ní London láago méjìlá òru kò lè dé ibẹ̀ kí àkùkọ tó kọ. Bí wọn ò bá tiẹ̀ sùn rárá, wákàtí tí wọ́n máa lò lójú ọ̀nà ju ọgbọ̀n lọ. Owó ẹṣin dà? Owó oníbodè dà? Ìjókòó kan náà, orúnkún tó ń kan orúnkún, ìyà ń jẹ wọ́n, ebi ń pa wọ́n, bàbá ń lé bọ̀ lẹ́yìn: gbogbo rẹ̀ ni òǹkọ̀wé fò kọjá!

Ti "ẹ jẹ́ ká sùn ní yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún oṣù mẹ́fà, ká lè tú ìgbéyàwó yìí ká" ńkọ́? Nígbà náà, àìjọsùn lásán kì í tú u. Àfi kí ó jẹ́ pé ọkọ kò lè ṣe é, kí wọ́n sì fi ẹ̀rí hàn níwájú ilé ẹjọ́ ìjọ. Duke wo ló máa gbà kí wọ́n ka ìyẹn síta?

Mo fẹ́ fo ọ̀rọ̀ aṣọ, ṣùgbọ́n kọ́sẹ́ẹ̀tì, aṣọ abẹ́ tí obìnrin fi ń fún ara, ò jẹ́. "Ó já ìkọ́ iwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà." Ìkọ́ wo? Ẹ̀yìn Regency ni ìkọ́ irin iwájú dé. Ohun tí wọ́n ń wọ̀ nígbà náà ni wọ́n ń pè ní stays. Okùn kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn, ó ń gba inú ihò tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán etí rẹ̀, láti apá ọ̀tún bọ́ sí apá òsì títí dé òkè. Igi pẹlẹbẹ kan tàbí eegun wà nínú àpò tóóró níwájú. Láti tú u, ẹ máa kọ́kọ́ wá kókó, ẹ máa tú u, lẹ́yìn náà ẹ máa fa okùn kan ṣoṣo yẹn jáde nínú ihò, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú mélòó nìyẹn, pẹ̀lú ọwọ́ tó ń gbọ̀n? Ibẹ̀ gan-an ni àwa òǹkàwé fẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ sí, ẹ bá já ìkọ́ tí kò sí. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wa mọ́ pé ìbàdí rẹ̀ jẹ́ ínṣì 17. Abẹ́ ọmú ni aṣọ ìgbà yẹn ti ń fún. Ta ló rí ìbàdí?

Ìṣáná tí Duke ṣá ní 1813, ọdún 1827 ni John Walker tó kọ́kọ́ ṣe é bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Ọlọ́pàá London, 1829. "Okay", 1839, ní Amẹ́ríkà. Sítáǹbù lórí lẹ́tà, 1840. Lẹ́tà yìí ń bí mi nínú torí pé nígbà Regency, ẹni tó gbà á ló ń sanwó rẹ̀, bí bébà bá sì jẹ́ méjì, owó di ìlọ́po méjì. Ìyẹn ni wọn kì í fi í fi sínú àpò: wọ́n á ká bébà náà fúnra rẹ̀, wọ́n á fi ìda lẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, ọkùnrin tó ń kọ lẹ́tà ìfẹ́ mẹ́wàá ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin aláìní ń ná owó oúnjẹ rẹ̀ ni, àfi tó bá jẹ́ ọlọ́lá tí ìbuwọ́lùwé rẹ̀ lórí lẹ́tà mú kó di ọ̀fẹ́. Ṣé ẹ rí ìjà tó wà nínú ìyẹn?

Ijó náà, ẹ ò mọ̀ ọ́n lò. Ẹ kọ ọ́ bíi pé orin ìṣẹ́jú mẹ́ta ni. Tí ọkùnrin bá bẹ obìnrin fún ijó, méjì tó tẹ̀ léra ni, nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí. Ìlà gígùn ni wọ́n ń tò, bí tọkọtaya kan bá ń jó lọ sísàlẹ̀, àwọn tó kù á dúró, wọ́n á dojú kọra wọn, ọ̀rọ̀ á máa lọ, gbogbo ilé á sì máa wò wọ́n. Tó bá tún padà wá bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta lálẹ́ ọjọ́ kan náà, ó ti di ọ̀rọ̀ ìlú. Ọwọ́ nínú ìbọ̀wọ́, ojú níwájú ìyá, ààbọ̀ wákàtí! Ẹ̀yin ń sáré gbé wọn lọ sínú ọgbà òkùnkùn. Tó bá sì jẹ́ Almack's, gbọ̀ngàn ijó àwọn ọlọ́lá ní King Street ní London, ẹ gbé ọtí ṣàǹpéènì yín kúrò níbẹ̀. Tíì, omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti búrẹ́dì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ oníbọ́tà ni wọ́n ń fún èèyàn, aago mọ́kànlá alẹ́ ni wọ́n sì ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó bá pẹ́ dé.

Tíì yẹn, ta ló gbin ìrèké tí ṣúgà rẹ̀ ti wá? Duke yín ń gba £10,000 lọ́dún. Àwọn kan ń gbà á lórí ilẹ̀ oko England, àwọn mìíràn ń gbà á láti Jàmáíkà. Britain fòfin de òwò ẹrú ní 1807, ṣùgbọ́n ẹrú wà nínú oko ìrèké wọn títí di 1834. Ọdún kan péré lẹ́yìn tí Regency parí, ní 1821, ni wọ́n kó ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí ní Òṣogùn, ẹni tó padà di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Ẹ mọ iye bọ́tìnì tó wà lára ẹ̀wù Duke, ẹ ò mọ ibi tí owó bọ́tìnì ti wá? A ò ní kẹ́ ẹ sọ ìwé ìfẹ́ di ìwàásù. Ìlà méjì ti tó: kí agbẹjọ́rò gbé ìwé ìṣirò dé láti Kingston ní Jàmáíkà, kí ọmọbìnrin náà kà á, kó gbé ife tíì sílẹ̀.

Ìparí ìwé ló wá ń fọ́ mi lórí jù. Oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìgbéyàwó, Duchess bí ìbejì, ọkùnrin méjèèjì, gbogbo ilé ń sunkún ayọ̀. Lọ́dọ̀ wa, Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, òun ló rán Táyé pé kó lọ tọ́ ayé wò. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó bá kọ́kọ́ jáde ló ni gbogbo rẹ̀: oyè, ilé, ilẹ̀, láti ọjọ́ tí wọ́n bí i ni wọ́n á ti máa fi oyè kejì bàbá rẹ̀ pè é. Èyí tó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ́ dé, "Lord Edward" lásán ni títí ọjọ́ alẹ́, àfi bí ìkejì rẹ̀ bá kú láìbí ọkùnrin. Òǹkọ̀wé mọ̀ pé ojú Duke ń dán, ó mọ àwọ̀ aṣọ tí wọ́n fi pọ́n àwọn ọmọ, ó kọ "òpin", ó pa ìwé dé. Ẹ jọ̀wọ́, ta ló kọ́kọ́ jáde?